Ilé Alámọ̀ Kì í Gun Ọkọ̀: Ohun tí Àwọn Baba Wa Ń Kó nígbà tí Wọ́n Bá Ń Kó Ilé

Abala ìtàn ti oṣù yìí bọ́ sọ́wọ́ ẹ̀ka ọ̀dọ́, mo sì fẹ́ ká jọ wo ọ̀rọ̀ kan tó ń ṣẹlẹ̀ lójú gbogbo wa, tí a kì í sì í kà sí ìtàn rárá. Ọ̀rọ̀ ilé kíkó ni.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Mi ò sọ nípa kí èèyàn kó ẹrù láti ilé kan bọ́ sí òmíràn. Ilé gan-an ni mò ń sọ: kí a tú ilé tó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, ká sì lọ tún un tò sórí ilẹ̀ mìíràn lóko tàbí lẹ́yìn ìlú. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ti máa sọ pé, "Ọmọ yìí, ilé kẹ̀? Ta ló ń ru ilé?" Ẹ ní sùúrù fún mi. A ń ru ú, àwọn baba wa náà sì ru ú. Ibi tí wọ́n ń rù níbẹ̀, àti ibi tí wọ́n ń fi sílẹ̀, ni ọ̀rọ̀ wà.

Ìdí tí mo fi gbé e wá nìyí. Òmù-Àrán ń fẹ̀, kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Láti ìgbà tí Yunifásítì Landmark ti ṣílẹ̀kùn ní 2011, pulọ́ọ̀tì tó wà lẹ́bàá ọ̀nà ti di ohun tí gbogbo ènìyàn ń wá. Ọmọ ìlú tó bá rí ilẹ̀ rà lẹ́yìn ìlú á fẹ́ kọ́ yàrá méjì fún ẹni tó ń ṣọ́ ibẹ̀, tàbí kó kọ́ ilé adìẹ. Páànù ti wọ́n. Ọkàn rẹ̀ á wá lọ sí ilé bàbá bàbá rẹ̀ ní agbo ilé, èyí tí ẹnikẹ́ni ò gbé inú rẹ̀ mọ́. Lọ́jọ́ kan, káfíńtà á dé. Kó tó di ọjọ́ kẹta, páànù, igi àti ìlẹ̀kùn ti wọ inú ọkọ̀. Ògiri nìkan ló kù, tó ń wo ojú ọ̀run.

PÁÀNÙ LÓ Ń RÌN, AMỌ̀ KÌ Í RÌN

Ẹ jẹ́ ká rántí bí wọ́n ṣe ń kọ́ ilé alámọ̀. Ìtòsí ibi tí ilé máa wà ni wọ́n ti ń gbẹ́ amọ̀. Wọ́n á da omi sí i, wọ́n á fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi dì mọ́ra. Wọ́n á wá máa mọ ọ́n ní ìpele-ìpele. Bí wọ́n bá mọ ìpele kan tán, wọ́n á fi í sílẹ̀ kó gbẹ fún ọjọ́ mélòó kan kí wọ́n tó mọ òmíràn lé e lórí, torí bí wọ́n bá kánjú, gbogbo rẹ̀ á wó. Ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ ilé fi jẹ́ iṣẹ́ ẹ̀ẹ̀rùn. Nígbà tí ògiri bá ga tó, wọ́n á gbé igi àjà lé e, wọ́n á to ẹkẹ́, wọ́n á sì fi koríko bẹẹrẹ bò ó. Nígbà tí owó kòkó àti owó òwò bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé ní ilẹ̀ Yorùbá ní ọ̀rúndún tó kọjá, páànù gba ipò bẹẹrẹ.

Ẹ kíyè sí kòtò tí wọ́n ti gbẹ́ amọ̀ yẹn. Nínú ọ̀pọ̀ agbo ilé wa, ó ṣì wà lẹ́yìn ilé. Àwọn kan ti sọ ọ́ di ààtàn, àwọn ewúrẹ́ ń mu omi òjò nínú òmíràn. Ìyẹn ni pé ògiri ilé bàbá wa, ilẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni wọ́n gbé dìde dúró. Kò ti ibòmíràn wá, kò sì lè lọ sí ibòmíràn.

Igi àti páànù ò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n rà wọ́n ni, tàbí wọ́n gé wọn wá láti inú igbó, wọ́n sì lè tún lọ. Àwọn àgbà tó mọ iṣẹ́ náà ní ètò tiwọn. Ìlẹ̀kùn àti fèrèsé ló kọ́kọ́ ń jáde. Lẹ́yìn náà ni káfíńtà á gun òrùlé, á máa yọ ìṣó ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, á sì máa tọ́ wọn sápá kan, torí ìṣó náà á tún wúlò. Páànù á sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á fi ọ̀dà dí ojú ihò ìṣó. Ẹkẹ́ àti igi àjà tí ikán ò bá tíì bá jà á tẹ̀ lé e. Wọ́n á ru gbogbo rẹ̀ lọ sí abà tàbí sí ibùdó tuntun, wọ́n á sì gbẹ́ amọ̀ mìíràn níbẹ̀. Bí a bá wá bi wọ́n pé ilé ta ni èyí, wọ́n á ní, "Ilé baba wa ni, a gbé e wá síbí ni." Òótọ́ ni wọ́n sì sọ.

Ẹ wo ohun tó kù lẹ́yìn. Òjò àkọ́kọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í bu ògiri jẹ láti òkè wá. Kò ní pẹ́ púpọ̀ tí ìpele òkè á fi wó lu ti ìsàlẹ̀, tí gbogbo rẹ̀ á di òkìtì. A ti di ahoro nìyẹn. Ilẹ̀ ibẹ̀ á lọ́ràá, ẹnì kan á sì gbin ẹ̀fọ́ tàbí tábà sí i. Ẹ má sì gbàgbé pé inú ilé ni ọ̀pọ̀ àwọn àgbà wa sùn sí. Bàbá tí wọ́n sin sínú yàrá kò lè bá páànù lọ sí abà.

OHUN TÍ OGUN FI SÍLẸ̀

Kì í ṣe ìfẹ́ inú ló ń mú àwọn baba wa kó ilé nígbà gbogbo. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ogun ò jẹ́ kí ilẹ̀ Ìgbómìnà simi. Ìlọrin ń bọ̀ láti apá kan, Ìbàdàn ń bọ̀ láti apá kejì. Nígbà tí ogun Kírìjì bẹ́ sílẹ̀ ní 1877, Ìgbómìnà wà nínú Èkìtì Parapọ̀. Lásìkò bẹ́ẹ̀, kò sí àyè pé à ń yọ ìṣó ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ohun tí orí bá lè rù ni wọ́n ń gbé sá.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Aribidesi Usman, tó ń kọ́ni ní Arizona State University ní Amẹ́ríkà, ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wa ilẹ̀ ní àwọn ahoro Ìgbómìnà. Ìlá Yàrà wà lára wọn, níbi tí àwọn ará Ìlá gbé kí wọ́n tó pín sí Ìlá Ọ̀ràngún àti Òkè-Ìlá. Ohun tí irú ahoro bẹ́ẹ̀ ń gbé jáde ni àpáàdì, òkìtì ògiri àti yàrà tí wọ́n wà yí ìlú ká. Igi kò sí níbẹ̀ mọ́, orí ilé kò sí níbẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n orúkọ Ìlá kò sí lára ohun tó ṣòfò. Ó bá àwọn èèyàn lọ sí ìlú méjèèjì, Ọ̀ràngún sì ni oyè ọba nínú méjèèjì títí dòní.

Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn. Tí ilé alámọ̀ bá ń rìn, igi rẹ̀ ń rìn, orúkọ rẹ̀ náà ń rìn. Ògiri àti òkú ń dúró.

ILÉ TÓ Ń GUN ỌKỌ̀ LÓÒÓTỌ́

Láwọn ibòmíràn lágbàáyé, wọ́n máa ń gbé odidi ilé. Ní Stockholm, olú-ìlú Sweden, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Artur Hazelius dá ọgbà Skansen sílẹ̀ ní 1891. Ó ra ilé àwọn àgbẹ̀ láti oríṣiríṣi ẹkùn, wọ́n tú wọn, wọ́n sì tún wọn tò sójú kan kí àwọn ọmọ tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè rí i. Igi ni ọ̀pọ̀ ilé wọ̀nyẹn. Ẹ fi nọ́ńbà sí igi kọ̀ọ̀kan, ẹ tú u, ẹ tún un tò bí nọ́ńbà ṣe wí, ó parí.

Irin náà ń rìn. Ẹ̀yin tí ẹ ti dé Kàdúná rí, afárá irin kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní afárá Lugard. Zungeru ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é sí, nígbà tí ibẹ̀ jẹ́ olú-ìlú ìjọba Àríwá. Nígbà tó yá, wọ́n tú u, wọ́n gbé e lọ sí Kàdúná, ó sì dúró síbẹ̀ di òní.

Òkúta pàápàá ń rìn, bí owó bá wà. Ní Íjíbítì, nígbà tí wọ́n fẹ́ sé odò Náílì ní Aswan, omi ìdídò náà fẹ́ bo ilé òrìṣà Abu Simbel, tí Ọba Ramses Kejì gbẹ́ sínú àpáta láti ọjọ́ tó ti pẹ́. UNESCO ké gbàjarè, àwọn orílẹ̀-èdè dá owó jọ. Láàárín 1964 sí 1968, wọ́n fi ayùn gé ilé òrìṣà náà sí ègé tó lé ní 1,000, wọ́n kọ nọ́ńbà sára ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì tún gbogbo rẹ̀ tò sórí ilẹ̀ tó fi bíi mítà 65 ga ju ibi tó wà tẹ́lẹ̀ lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí ọdún wọ̀nyẹn: 1964 sí 1968. Ọdún kan náà ni wọ́n ń ṣe ìdídò Kainji lórí odò Ọya níbí. Omi fẹ́ bo ìlú Búsà, ìlú tí Mungo Park kú sí ìtòsí rẹ̀ ní 1806, pẹ̀lú ọ̀pọ̀ abúlé lẹ́bàá odò. Nígbà tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ Kwara sílẹ̀ ní 1967, Borgu bá wa wọ inú rẹ̀, kó tó di pé wọ́n gbé e sí ìpínlẹ̀ Niger ní 1991. Ọ̀rọ̀ ilé wa náà ni, ẹ ò rí i? Àwọn tó lé ní 40,000 ni wọ́n ní láti ṣí kúrò. Ìjọba kọ́ ilé tuntun fún wọn, wọ́n sì pe ìlú tuntun náà ní New Bussa. Ìlú àtijọ́ wà lábẹ́ omi di bí mo ṣe ń kọ èyí.

Mi ò sọ èyí láti fi bú ẹnikẹ́ni. Ilé amọ̀ kọ́ ni ilé tí ayùn lè gé. Iná mànàmáná tí ìdídò náà mú wá, gbogbo wa la jàǹfààní rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìyàtọ̀ náà: ní Abu Simbel, ilé òrìṣà tó ti ṣófo tipẹ́ ni wọ́n gbé ní ègé-ègé, ní Búsà, ilé tí èèyàn ń gbé inú rẹ̀ ni omi bò. Orúkọ ìlú nìkan ló rí ọkọ̀ wọ̀, bíi ti Ìlá.

ÌLẸ̀KÙN TÍ KÒ NÍ ILÉ, ÈRE TÍ KÒ NÍ ÌTÀN

Ẹlòmíràn á ní, "Bí ògiri ò bá lè lọ, ẹ jẹ́ ká sáà ti kó ìlẹ̀kùn àti òpó." Ó dáa. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀, àgbà nínú àwọn agbẹ́gilére, gbẹ́ ìlẹ̀kùn kan sí ààfin Ògògà. Ó gbẹ́ ọba sí i, ó sì gbẹ́ òyìnbó tí wọ́n fi àga gbé wọlé wá kí ọba. Ní 1924, wọ́n gbé ìlẹ̀kùn náà lọ sí ìpàtẹ ńlá kan ní Wembley ní Lọ́ńdọ̀nù. Kò padà mọ́. Wọ́n fi ìtẹ́ tí òyìnbó ṣe dípò rẹ̀ fún Ògògà, ìlẹ̀kùn sì wà ní British Museum títí dòní. Ẹ̀yin ará wa tí ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù lè lọ wò ó. Ẹ óò rí i pé ó rẹwà. Ẹ óò sì rí i pé kò sí yàrá lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ wá padà wálé, sí Èsìẹ́ tó wà nítòsí wa níbí. Ère òkúta tó lé ní 1,000 ló wà níbẹ̀, tọkùnrin tobìnrin, ọ̀pọ̀ wọn jókòó lórí àpótí, àwọn kan mú ohun ìjà dání. Ní 1933 ni Ramshaw, tó ń bẹ ilé ẹ̀kọ́ ìjọ CMS wò, sọ fún ìjọba nípa wọn. Ní 1945, ilé tí wọ́n kọ́ fún wọn di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àkọ́kọ́ ní gbogbo Nàìjíríà. Èyí jẹ́ ohun ìyangàn fún wa. Wọn ò kó àwọn ère náà lọ sí Èkó tàbí sí Lọ́ńdọ̀nù kí wọ́n tó fún wọn nílé. Ilé ló wá bá wọn ní Èsìẹ́.

Síbẹ̀, ẹ bi ara yín léèrè: ta ló gbẹ́ wọn? Ìtàn tó wà lẹ́nu àwọn ará Èsìẹ́ ni pé àlejò ni wọ́n, tí wọ́n sì di òkúta. Àwọn onímọ̀ ti kọ ìwé, wọ́n ti jiyàn, àwọn kan nínú wọn sì gbà pé ibòmíràn ni wọ́n ti kó àwọn ère náà wá. Ẹni tó gbẹ́ wọn ti lọ pẹ̀lú orúkọ rẹ̀. Òkúta dúró, ìtàn ti sọnù. Ní Ìlá Yàrà, ìtàn dúró, ilé ti sọnù. Ẹ jẹ́ ká wò ó bóyá a lè mú méjèèjì dání lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọ̀NÀ TÍ AMỌ̀ Ń GBÀ RÌN

Ọ̀nà wà, ẹlòmíràn sì ti là á. Ní Staunton, ìpínlẹ̀ Virginia ní Amẹ́ríkà, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan wà tó ń jẹ́ Frontier Culture Museum. Wọ́n tú ilé àgbẹ̀ láti England, láti Ireland àti láti Jámánì, wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi gbé wọn wá, wọ́n sì tún wọn tò. Nígbà tó kan Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, agbo ilé Ígbò ni wọ́n yàn. Wọn ò gbé e láti ibí. Wọ́n kọ́ ọ tuntun níbẹ̀ pẹ̀lú amọ̀, ní ìlànà tí àwọn tó mọ̀ ọ́n fi lélẹ̀.

Nílé níbí, ará Pólándì kan, Zbigniew Dmochowski, ti ṣe é ṣáájú wọn. Ayàwòrán ilé ni. Ó bá ẹ̀ka ìjọba tó ń rí sí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ṣiṣẹ́, ó sì kiri Nàìjíríà, ó ń wọn ilé: báwo ni ògiri yìí ṣe nípọn tó, báwo ni òpó yìí ṣe jìnnà sí èkejì tó, báwo ni wọ́n ṣe so ẹkẹ́ mọ́ igi àjà. Gbogbo rẹ̀ ló yà sórí ìwé. Ìwé mẹ́ta ló ti inú iṣẹ́ náà jáde ní 1990, lẹ́yìn tó ti kú ní 1982. Òun ló wà nídìí ọgbà ilé àbáláyé tó wà ní Jos, níbi tí wọ́n ti tún mọ́sálásí Zaria àti odi Kano mọ. Amọ̀ Jos ni wọ́n fi mọ wọ́n, ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ Zaria á mọ̀ pé mọ́sálásí rẹ̀ nìyí.

Ilé alámọ̀ lè rìn, ẹ̀yin èèyàn mi. Orí ìwé ló ń gbà rìn.

OHUN TÍ ÀWA Ọ̀DỌ́ Ń BẸ̀ YÍN FÚN

Ẹ̀ẹ̀rùn ń bọ̀, ìgbà títú páànù sì nìyẹn. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ilé bàbá rẹ̀. Ohun ìní yín ni, àwọn baba wa pàápàá tú u kí wọ́n tó fi jogún fún wa, páànù tó sì wà lórí ilé òfìfo ò ṣe ẹnikẹ́ni láǹfààní. Ẹ̀bẹ̀ wa kò pọ̀.

Èkíní: kí káfíńtà tó gun òrùlé, ẹ ránṣẹ́ sí ẹ̀ka ọ̀dọ́. Ẹ fún wa ní ọjọ́ méjì péré. A ní téèpù, a ní fóònù tó ń ya àwòrán, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ nípa ilé yíyà sì wà láàárín wa. A óò wọn yàrá kọ̀ọ̀kan, ọ̀dẹ̀dẹ̀, gíga ògiri àti bó ṣe nípọn tó. A ò gba kọ́bọ̀.

Èkejì: ẹ jẹ́ kí àgbà kan nínú ẹbí jókòó tì wá. Ta ló kọ́ ilé náà? Ta ló sùn sí yàrá wo? Ibo ni wọ́n sin bàbá sí? Kí ni oríkì agbo ilé? A óò gba ohùn wọn sílẹ̀, a óò sì fún ẹbí ní ẹ̀dà kan. Òkìtì ahoro ti yanjú ẹjọ́ ilẹ̀ rí nílẹ̀ Yorùbá. Àwòrán tó ní ìwọ̀n nínú á tún lágbára jù ú lọ lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ bá dé.

Ẹ̀kẹta: ẹ jẹ́ ká kọ nọ́ńbà sára igi, ìlẹ̀kùn àti òpó kí wọ́n tó wọ ọkọ̀, kódà bó jẹ́ ilé adìẹ ni wọ́n ń lọ. Ìlẹ̀kùn tó bá ní iṣẹ́ ọnà lára, ẹ má tà á fún àwọn tó ń kiri ra ohun àtijọ́. Ẹ ti gbọ́ ti Ìkẹ́rẹ́.

Ẹ̀kẹrin, èyí sì ni a óò gbé wá sí ìpàdé gbogbogbò: bí ọmọ ìlú kan bá lè yọ̀ǹda pulọ́ọ̀tì kan lẹ́yìn ìlú, àwa ọ̀dọ́ ti ṣetán láti fi ẹsẹ̀ wa tẹ amọ̀. Igi àtijọ́, ìlẹ̀kùn àtijọ́, ìwọ̀n àtijọ́, ògiri tuntun. Odidi ilé kan ṣoṣo tó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti àjà, tí ọmọ tí wọ́n bí sí Houston lè wọ inú rẹ̀ kó bèèrè pé, "Ṣé ibí ni bàbá bàbá mi sùn sí?" kí ẹnì kan sì lè dá a lóhùn.

Àwọn àgbà ní baálé ilé kú, ilé di ahoro. Nínú agbo ilé wa, ọ̀pọ̀ baálé ti lọ, àwọn tó kù sì ti darúgbó. Ìdá méjì ilé náà ló wà lórí àwọn àgbà yìí, ìdá kan ló wà lára ògiri. Ẹ pè wá kí òjò tó bẹ̀rẹ̀.

Ilé wa kò ní tú o, ìlú wa kò ní parẹ́. Ó dìgbà kan ná.